Ara Le ní Ìgbìmọ̀ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín. Dókítà bi mí lórí fóònù pé báwo ni ara, mo dá a lóhùn pé ara le, a dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí orúnkún tí kò le náà la ṣe pè é. Kẹ́mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Dókítà, ẹ má dá Gránpà lóhùn o, wọn ò lè rìn dé géètì.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ gbọ́n jù wá lọ. Àmọ́ ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná, kí ẹ sún mọ́bí, kí n sọ ohun tí ojú ọ̀rẹ́ mi kan rí fún yín nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí kan náà.

Ẹ̀yin ò mọ Festac tí à ń wí. Èyí tí ẹ ń gbé yìí, ògiri rẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tí wọ́n fún ìyá yín àgbà ní ilé yìí, torí pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ni. Kúùkù ni mo ṣe níbẹ̀, mi ò fi bò. Ẹni tó ń yìnbọn àti ẹni tó ń ro ọbẹ̀, ebi kan náà ló ń pa wọ́n. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru nígbà yẹn, iná òpópónà ń tàn. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú kánàlì á máa ké títí oorun á fi gbé wa lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, lékeléke á ti bà sórí koríko bí aṣọ funfun tí wọ́n sá.

Àárọ̀ ló máa ń wù mí jù. Láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí mo bá fi máa padà dé, búrẹ́dì ti tutù, nítorí ìkíni. Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí ire? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ohun tí a sì máa ń dáhùn kò ju pé a dúpẹ́, ara le. Ì báà jẹ́ pé ibà ló ń ṣe ọ́, ì báà jẹ́ pé o ò fojú kan oorun mọ́jú. Ìkíni kì í ṣe ibi tí à ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Bí o bá fẹ́ sọ pé ara ò yá, o ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, ẹ ó jọ jókòó, wọ́n á bu omi fún ọ, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ á tó máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, ọmọkùnrin tó ń gbé òkè orí wa gan-an, ó ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì, orí ló kàn máa ń mì sí mi. Mo fẹ́ràn ìkíni àtijọ́ yẹn. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àwa ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní agbègbè yìí ní àtíbàbà kan ní Kuje tó wà nítòsí Festac níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lẹ táyà. Pákó la fi kàn án, páànù àlòkù la fi bò ó. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, a ó kàn máa wo ara wa, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ la ti ń ka ìwé ìròyìn sétí ara wa, ibẹ̀ la ti ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ dan bọ́tìnnì idẹ wa. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń se ẹ̀wà. Mi ò lè se ẹ̀wà kékeré, iṣẹ́ ológun ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Bí a kò tilẹ̀ ju ènìyàn díẹ̀ lọ, ẹ̀wà tí mo máa sè á tó odidi ilé-ìwé kan jẹ, àwọn ọmọ Kuje sì mọ̀, wọ́n á ti mú abọ́ dání. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn a máa gbé ìró fèrè bárékè wá bá wa láti ọ̀nà jínjìn. Ẹni tó ń jẹun á dá ṣíbí dúró. Ẹni tó ń jiyàn á pa ẹnu mọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wa o, ara wa ló mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kìíní ọdún, bí ìjọba bá ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, àwa náà máa ń ṣe tiwa ní kékeré, torí kì í ṣe gbogbo wa ni wọ́n ń pè sí ti ìjọba. Lọ́dún kan, Sájẹ́ńtì Bámidélé tó jẹ́ olórí wa lọ ra ẹyẹlé funfun ní Mazamaza, kí ó lè fò lọ sókè, kí á fi ṣe àmì àlàáfíà. A tò, a dúró ṣánṣán. Sájẹ́ńtì sọ ẹyẹlé sókè. Ẹyẹlé balẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ìkòkò mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ jẹ. A ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Kọ́pùrù Ọládèjọ tó dúró ní apá ọ̀tún mi ló sọ ọ́ láàárín eyín pé, “Àlàáfíà ti dé ibi tó ń lọ.” Ó parí. Omi ẹ̀rín ló ń bọ́ lójú wa títí a fi tú ká, Sájẹ́ńtì ò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Kọ́pùrù yìí ni ọ̀rẹ́ mi tí mo ń wí. Kò sí ohun tí kì í fi ṣàwàdà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ lọ ṣọ́ àlàáfíà nílẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ wọn dojú dé níbẹ̀, òun ló sì wà nísàlẹ̀ ẹrù. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lè dúró, ó lè rìn, kódà ó ń rìn ṣánṣán ju gbogbo wa lọ, àmọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ohun kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Àwọn tí kò mọ̀ ń sọ pé ó gbéraga. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀, òun nìkan á dúró láàárín wọn bí òpó iná. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lẹ́yìn tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé ló tó rí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́, obìnrin Ìsẹ́yìn kan tó ń ta mílíìkì àti súgà ní Mazamaza. Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti nà gbalaja sílẹ̀, mò ń yọjú wo ohun tó fẹ́ ṣe. Kọ́pùrù kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì, ó gbé ọwọ́ sórí, ó kí wọn bí a ṣe ń kí ọ̀gágun. Bàbá ìyàwó kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ọmọ wa ti rí aláàbò.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa tí a mọ ohun tó wà ńbẹ̀ pàtẹ́wọ́ jù wọ́n lọ.

Kò sọ fún ìyàwó náà. Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀, tí a wá ń pè ní Ìyá Ṣadé nígbà tó yá, kò ju pé ẹ̀yìn a máa dun ọkọ òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń dun gbogbo ọkùnrin. Mo bá Kọ́pùrù wí lórí rẹ̀. Ó ní, “Kúùkù, ṣọ́jà ni obìnrin yẹn fẹ́. Mi ò fẹ́ kó jí lọ́jọ́ kan kó bá aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.” Bó ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà ní bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn náà, ẹsẹ̀ méjèèjì á lọ, kò sì ní rìn mọ́. Ilé ìwòsàn àwọn ológun lè ṣe é, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé, àmọ́ ó di ìgbà tí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ ológun ló ba ẹ̀yìn náà jẹ́, àti pé ó bàjẹ́ débi tí kò fi lè dá nǹkan ṣe fún ara rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń rìn bí ẹni tó ń yan lórí pápá yìí, kí ló ń ṣe é? Ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, ó lọ sọ pé inú òun ò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe fún òun, pé ara òun ò dá. Báwo ni Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé ṣe fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Èmi àti Sájẹ́ńtì Bámidélé bá a lọ. Ọ̀gá ológun àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága ìgbìmọ̀ náà, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ní kí Kọ́pùrù fi èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ wà ńlẹ̀. Kọ́pùrù mú Yorùbá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òyìnbó tí òun gbọ́ ní bárékè kò ṣeé sọ níwájú àgbà. Alága wá ní kí ògbufọ̀ bá òun kí i.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o,” ni ògbufọ̀ wí. “Ṣé ara le?”

“Ara le dáadáa, sà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ẹ̀yìn yín ńkọ́?”

“Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, sà. A ò ráhùn.”

“Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”

“À ń sùn, Ọlọ́run ṣeun.”

Ògbufọ̀ yẹn ò purọ́ mọ́ ọn o. Bó ṣe sọ ọ́ ló ṣe tú u. Èmi jókòó lẹ́yìn, mò ń gbọ́ bí “ara le” ṣe ń di òyìnbó, tó ń di ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́, alága sọ ọ́ sí wa létí pé olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ara òun le, ẹ̀yìn òun ń sàn, òun ò sì ráhùn. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ náà pa. Dókítà obìnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀, ọmọ Yorùbá, ló bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì mú ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé wá. Alága gbà, ó ní èyí ni ìgbẹ̀yìn.

A jáde síta. Sájẹ́ńtì Bámidélé ò tíì lè gbà á gbọ́. “Kọ́pùrù, kí lò ń dúpẹ́ fún?”

“Wọ́n kí mi ni, Sájẹ́ńtì. Ṣé kí n má dáhùn ni?”

Ni Sájẹ́ńtì bá sọ àtíbàbà wa di ìgbìmọ̀. Ó da ojú àpótí ohun mímu dé, ó jókòó lé e, ó fi gíláàsì ìyàwó rẹ̀ sójú. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, á bi í pé ṣé ara le. Ẹni tó bá ní a dúpẹ́, epà ló máa rà fún gbogbo wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, a jẹ epà títí ó fi sú wa. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà wá tọrọ ìṣáná, òun náà dúpẹ́, òun náà ra epà. Àmọ́ Kọ́pùrù ló rà jù. Ó máa ń gbìyànjú. Á na ọrùn, á ní, “Ara ò...” Á nu iwájú orí, á wá sáré parí rẹ̀ pé, “Ara ò burú, a dúpẹ́.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o,” ni Sájẹ́ńtì máa ń wí.

“Mo mọ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn. Mo ti bẹ ẹnu yìí, kò gbà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mò ń fọ ìkòkò mi lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi lè pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì torí ẹ̀kọ́ ilé, inú sì bí mi sí gbogbo ayé, mo fọ ìkòkò náà débi tí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Àtíbàbà yẹn ò sí mọ́. Ilé alájà kan ló wà níbẹ̀ báyìí, fóònù ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ irú èyí lóde òní, pé kálukú á jókòó sílé rẹ̀, á máa wo alága nínú gíláàsì. Ó yá kánkán, kò sì ní wàhálà ọkọ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí ẹnì kan bá ní ẹjọ́, gbogbo wa la ní ẹjọ́. A ó wọ ẹ̀wù kóòtù wa, a ó de fìlà ológun, a ó tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà míì a kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan, a kàn máa ń jókòó kó lè mọ̀ pé a wà ńbẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àwọn tí mo bá jókòó nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sílé.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn náà pé. Ìyá Ṣadé wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀, torí Kọ́pùrù kò sọ ju pé ìjọba fẹ́ rí ìdílé òun lọ. Bí a ṣe ń gba Mazamaza kọjá, ó ń kí gbogbo oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ìjọba ló ránṣẹ́ pè wá o.” Inú rẹ̀ dùn. Èmi ò lè wo ojú rẹ̀.

A jókòó. Ògbufọ̀ tún bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ara le?”

Kọ́pùrù la ẹnu. Ó wẹ̀yìn, ó wò wá. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. “Ara... a dúpẹ́, sà.”

Sájẹ́ńtì di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Alága kọjú sí obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n bá òun bi í pé kí ni ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè dá ṣe nínú ilé.

Ìyá Ṣadé jókòó dáadáa. Mo mọ̀ pé ó rò pé wọ́n fẹ́ tàbùkù ọkọ òun ni. “Kò sí o, sà. Ọkọ mi ò ṣàìsàn. Alágbára ni.” Ṣé ẹ rí i, kò sí ohun tó burú nínú ìdáhùn yẹn. Ìyàwó rere wo ló máa jókòó níwájú àlejò, kó máa ka àìlera ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ? Bí ògbufọ̀ ṣe ń tú u sí òyìnbó, mo rí i tí alága gbé kálámù, mo ní ó ti tán.

Dókítà obìnrin yẹn ló sọ̀rọ̀. Òun ò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ní, “Bàtà yín yìí mà dára o, Bàbá. Ó ń dán. Ta ló bá yín so okùn rẹ̀?”

Ìyá Ṣadé rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. “Èmi ni, mà. Láràárọ̀ ni. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí mi, wọ́n á ní, ‘Ọ̀gá mi, ẹ wá yẹ bàtà ṣọ́jà yín wò.’ Eré tiwa ni, mà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn.”

Ògbufọ̀ tú u, alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú okùn ọ̀kan, kí ẹ sì tún un so kí n rí i.”

Ọwọ́ Kọ́pùrù méjèèjì gbéra, wọ́n dé orúnkún, wọ́n dúró síbẹ̀. Fáànù òkè ń han lórí wa. Ó gbé ojú sókè, ó wo dókítà.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é lójú ìyàwó mi.”

Ó di ìgbà tí alága bi ògbufọ̀ pé kí ni Bàbá sọ, kó tó tú u. Alága gbé kálámù sílẹ̀. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní kí a bọ́ síta ná. Nígbà tí wọ́n fi máa pè wá padà, wọ́n ti gbà fún un: iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ pátá.

Sájẹ́ńtì ju fìlà rẹ̀ sókè ní ọ̀ọ̀dẹ̀, èmi ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá Ṣadé ò bá wa yọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ń wo bàtà ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

“Bàbá Ṣadé, gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ẹ ń fi mí ṣeré ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni.”

Kọ́pùrù dúró síwájú rẹ̀, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ bá a níbi tó jókòó sí.

“Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fà á,” ó ní. “Kò pẹ́ tó fi di ìfẹ́.”

Obìnrin náà fi etí ìró nu ojú. Ó dìde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lórí aṣọ. Èmi àti Sájẹ́ńtì kọjú sí ògiri.

“Ṣé ibí ni?”

“Ibẹ̀ ni,” ni Kọ́pùrù wí. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. “Ó ń dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó ń dùn mí gan-an.”